Akọrin àti ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Kristẹni: ṣé mo lè ṣe méjèèjì?

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ kejì mi rèé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ tí mo wọlé sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi àwọn ẹgbẹ́ hàn wá, wọ́n to tábìlì láti ẹnu ọ̀nà ṣápẹ́ẹ̀lì títí dé ilé ìkàwé: akọrin ńlá tó ń kọrin níbi ìsìn, akọrin kékeré tí kì í lo ohun èlò kankan, ẹgbẹ́ orin ìyìn tó ń lo gìtá àti ìlù, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà, ẹgbẹ́ tó ń bẹ àwọn arúgbó wò, ẹgbẹ́ tó ń bá aláìnílé kọ́lé. Mo kọ orúkọ mi sílẹ̀ níbi márùn-ún. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ní kò sóhun tó burú níbẹ̀, pé bí ẹgbẹ́ bá ṣe pọ̀ tó nínú ìwé tí èèyàn fi ń wáṣẹ́ ni yóò ṣe níyì tó.

Orin lọkàn mi fà sí jù. Láti kékeré ni mo ti ń kọ áltò, ohùn obìnrin tó wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n etí ni mo fi ń mú un, n kò lè ka nóòtì. Ìdánwò ohùn akọrin ńlá ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ ìwé kíkà náà sì ń wù mí gan-an, torí ẹnì kan ló jókòó tì mí nígbà tí n kò tíì mọ̀wé kà, n kò lè gbàgbé rẹ̀ láéláé. Ṣé èèyàn lè ṣe méjèèjì kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ má bàjẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Áltò Ọdún Kẹrin

Àbúrò mi, káàbọ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ mú ẹ̀rù ìdánwò ohùn kúrò.

Olùdarí kì í wá ẹni tí ohùn rẹ̀ lè ṣí òrùlé. Yóò tẹ nóòtì kan lórí dùùrù, yóò ní kí o fi ohùn mú un. Yóò tẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tẹ̀ léra, yóò ní kí o kọ ọ́ padà fún òun. Ó lè pàtẹ́wọ́ kan kí o pa á tẹ̀ lé e. Yóò mú ọ gòkè díẹ̀díẹ̀, yóò tún mú ọ sọ̀ kalẹ̀, kó lè mọ ibi tí ohùn rẹ mọ. Lẹ́yìn náà ni yóò gbọ́ orin tí o mú wá. Orin tí o lè kọ lójú oorun ni kí o mú lọ, èyí tí kò ga jù. Ohun tó ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀ ni pé wọ́n mú orin tó le lọ láti fi hàn pé àwọn mọ̀ ọ́n ṣe, ohùn wọn á sì gbọ̀n ní ibi tó ga. Bí áltò bá sì lo fẹ́ kọ, ohun tó wù wọ́n jù láti mọ̀ ni bóyá o lè di ohùn tìrẹ mú nígbà tí ẹni tó ń kọ sópránò, ohùn tó ga jù, bá wà létí rẹ. Pe ọ̀rẹ́ rẹ kan tó lè kọ ohùn orin náà gan-an, kí ẹ jọ kọ ọ́ lálẹ́ òní.

Lórí ẹgbẹ́ márùn-ún, mo fẹ́ kí o gbọ́ tèmi. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni mo wà lọ́dún kìíní, mẹ́ta jẹ́ ti orin. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ohùn mi ti há. Mo wá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kí n lè fi tọ́jú rẹ̀, láìmọ̀ pé ńṣe ni mo tún ń dá kún un. Alẹ́ tí a máa kọ orin tí a ti fi oṣù méjì dánra wò, àárín èrò ni mo jókòó sí, mo ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lórí pèpéle, omijé ń bọ́ lójú mi. Ohun tó sì dùn mí jùyẹn lọ ni pé nínú ẹgbẹ́ mẹ́ta yòókù, kò sẹ́ni tó béèrè mi. N kò fìgbà kankan wà níbẹ̀ débi tí àyè mi máa ṣófo.

Olùdarí Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ọmọ mi, má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ nóòtì dá ọ dúró. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wọ akọrin mi ni kò lè kà á lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Sarah Glover, olùkọ́bìnrin kan ní Norwich ní ilẹ̀ England, ló pilẹ̀ ọ̀nà sólfà (do, re, mi) tí a ń lò, John Curwen tó jẹ́ àlùfáà ìjọ sì tún un ṣe, ó sì tàn án kálẹ̀ láti àwọn ọdún 1840 lọ, kí àwọn ọmọdé àti àwọn ará ìjọ tí kò mọ nóòtì lè kọrin láti inú ìwé. Irú ẹ gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Máa lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́: kọ do títí dé do òkè, sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn náà kí o máa fò: do sí mi, do sí sol, do sí fa, do sí la. Fa àti la ló máa ń yọni lẹ́nu jù, má jẹ́ kó sú ọ. Kí sáà ẹ̀kọ́ kan tó parí, wàá rí i pé ojú rẹ ti ń mú orin kí etí tó gbọ́ ọ.

Ohùn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù, torí ohun tí áltò yẹn sọ dùn mí. Omi tí a mu kò kan okùn ohùn rárá, ọ̀nà oúnjẹ ló ń gbà lọ. Inú ara ló ti ń dé ibẹ̀, ó sì ń pẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé ìgò omi dání níṣẹ̀ẹ́jú márùn-ún ṣáájú orin ti pẹ́ jù. Láti àárọ̀ ni kí o ti máa mu ún. Kí o tó kọrin sókè, kọ́kọ́ pa ẹnu dé kí o fi imú kọ ọ́, kí o sì fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ètè títí ètè fi máa gbọ̀n, bí ọmọdé tó ń ṣe bíi mọ́tò. Bí ohùn bá há, ìdákẹ́ ni oògùn rẹ̀: má ṣe wúyẹ́wúyẹ́, má sì máa wú ọ̀fun ṣáá. Tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò tíì padà sípò, dókítà tó ń wo etí, imú àti ọ̀fun ni kí o lọ rí.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó ń pa ìdánrawò jẹ kì í mọ̀. Bí áltò bá jẹ́ mẹ́wàá, tí mẹ́ta kò wá, àwọn méje tó kù yóò fi agbára kún ohùn wọn kí wọ́n lè dọ́gba pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí ọ̀fun ẹlòmíì ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn nítorí ẹni tí kò wá. Ọ̀rọ̀ èémí náà ńkọ́? Nígbà tí orin bá gùn tí kò gbọdọ̀ já, akọrin kì í jọ mí pọ̀. Ìwọ yóò mí nígbà tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ ń kọ lọ, òun náà yóò mí nígbà tí ìwọ bá padà, àwùjọ kò sì ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni mí. A kì í kọ́ èyí nínú ìwé. Ẹni tí o ti jókòó tì lọ́sẹ̀ mẹ́wàá ni o lè bá mí bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé Àná

Ẹ kú ìmọ̀ràn sà. Ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ ni tèmi, ọdún méjì ni mo fi ṣe akọ̀wé.

Àbúrò, kí o tó san owó ìwọlé fún ẹgbẹ́ kankan, lọ jókòó ní ìpàdé wọn lẹ́ẹ̀kan, kí o kàn gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí wákàtí kan bá kọjá tó jẹ́ pé aṣọ ẹgbẹ́ àti fọ́tò ni wọ́n ṣì ń sọ, tí wọn kò tíì mẹ́nu ba ẹnì kan ṣoṣo lára àwọn tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́, o ti rí ohun tó yẹ kí o rí. Béèrè pé ta ló ní kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Nígbà tiwa, gbogbo Oṣù Kejìlá la máa ń lọ sí ilé àwọn arúgbó pẹ̀lú ẹ̀bùn. Inú wa máa ń dùn. Lọ́dún kejì ni mo béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń mójú tó ilé náà bóyá ohun mìíràn wà tí wọ́n ń fẹ́. Ó wò mí, ó ní: “Ọmọ mi, ní Oṣù Kejìlá, a máa ń gbàlejò ẹgbẹ́ mẹ́rin lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àwọn bàbá àti ìyá á rẹ̀ gan-an. Ní Oṣù Kejì, kò sẹ́ni tó ń yà.” Láti ìgbà náà la ti yí i padà. Àwa mẹ́fà péré ló ń lọ, lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, láìmú ohunkóhun dání. A máa ń ka lẹ́tà fún àwọn tí ojú wọn ti ṣe bàìbàì, a máa ń bá wọn kọ èsì. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé orúkọ mi ló máa fi ń kí mi kí n tó jókòó.

Ẹgbẹ́ ìwé kíkà tí o fẹ́ yẹn ṣòro ju ìyókù lọ. Ọmọ tí o ń kọ́ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ohun tó mọ̀ ni pé o ní o ń bọ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, mú kàlẹ́ńdà ilé-ẹ̀kọ́ rẹ, sọ àwọn ọ̀sẹ̀ tí o kò ní lè wá fún olùkọ́ wọn, kí o sì wá ẹnì kejì tí ẹ jọ máa di ọmọ kan mú, kó jẹ́ pé bí o kò bá sí níbẹ̀, ojú tó mọ̀ ló máa rí. Bí wọ́n bá ní kí o mú ìwé ẹlẹ́rìí wá, tàbí kí o gba ìwé ọlọ́pàá pé o kò ní ẹjọ́, má bínú. Bí wọ́n bá sì sọ pé àgbàlagbà kan kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, ẹgbẹ́ gidi nìyẹn. Èyí tí kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ ni kí o ṣọ́ra fún. Má sì ya fọ́tò ọmọ ẹlòmíì sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ gbà.

Wàá tún rí àwọn ẹgbẹ́ tó jẹ́ ẹ̀ka ti àgbáyé. Rotaract ti wà láti 1968 lábẹ́ Rotary, Circle K wà lábẹ́ Kiwanis, Habitat for Humanity tó ń bá àwọn aláìní kọ́lé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, náà ní ẹ̀ka láwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n ní òfin tó ti fìdí múlẹ̀, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń jíyìn. Ṣùgbọ́n ìpàdé wọn pọ̀, owó ẹgbẹ́ sì wà. Èyí tó wà lábẹ́ àlùfáà ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń fúyẹ́ jù.

Báàsì Kejì

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pín orin àti ìrànwọ́ sọ́tọ̀ bí ẹni pé ilé méjì ni wọ́n.

Ẹ rántí Fisk Jubilee Singers. Fisk jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn míṣọ́nárì ṣí ní Nashville ní Amẹ́ríkà ní 1866 fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, owó ti tán, ilé-ẹ̀kọ́ náà fẹ́ tì pa. George White, tó jẹ́ akápò tó sì tún ń kọ́ wọn lórin, kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án jáde ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹwàá 1871 láti fi orin wá owó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti jẹ́ ẹrú rí. Wọn ò tíì rìn jìnnà nígbà tí iná ńlá jó ìlú Chicago. Owó tí wọ́n rí níbi orin tí wọ́n kọ ní àkókò náà, nǹkan bíi dọ́là 50, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó fún àwọn tí iná lé kúrò nílé. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Tìtorí àìní ni wọ́n fi jáde nílé. Òtẹ́ẹ̀lì mìíràn kò gbà wọ́n wọlé nítorí àwọ̀ wọn. Owó tí wọ́n kọ́kọ́ rí, wọ́n fi ta ẹlòmíì lọ́rẹ. Nígbà tó di 1873, wọ́n kọrin níwájú Ọbabìnrin Victoria, owó orin wọn náà ló sì kọ́ Jubilee Hall tó ṣì dúró ní Fisk dòní. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí dọ́là 50 yẹn ni ara mi máa ń bù máṣọ.

Nítorí náà, àbúrò, béèrè lọ́wọ́ akọrin náà ibi tí wọ́n ti ń kọrin yàtọ̀ sí ṣápẹ́ẹ̀lì. Tiwa máa ń lọ sí wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Olùdarí Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ọmọ mi Báàsì, o kú ìrántí. Fi kún un pé nígbà tó fi máa di 1878, àwọn ọmọ náà ti rìn títí ó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ náà sì tú ká. Ìdí tí mo fi ń pariwo ìsinmi nìyẹn. Ẹ ka Kronika Kìíní orí 25: akọrin tẹ́ńpìlì jẹ́ 288, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀wọ́ 24, ènìyàn 12 ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́.

Áltò Ọdún Kẹrin

Nípa wọ́ọ̀dù: ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni mẹ́fà tó. Ẹ má gbé makirofóònù wọlé. Orin mẹ́ta, kí ẹ kọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ sì dúró díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, torí ẹnì kan á fẹ́ sọ̀rọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti bàbá wa. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo lọ béèrè àkókò wọn lónìí. Akọrin ńlá ń dánra wò ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú lálẹ́, àwọn áltò nìkan tún ń pàdé fún wákàtí kan ní Ọjọ́ Ẹtì. Ìwé kíkà jẹ́ àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Iṣẹ́ yàrá ìwádìí mi máa ń gùn dé ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Akọrin sì ń rin ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ kan nígbà ìsinmi, èyí tí mo ti ṣèlérí fún màmá mi pé màá wálé. Ẹni yàrá mi ṣì ń sọ pé kí n má yọ orúkọ mi kúrò níbì kankan.

Akápò

Mo jókòó nínú àwọn tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ fún ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, nítorí náà jẹ́ kí n dáhùn ẹni yàrá rẹ tìfẹ́tìfẹ́. Bí ìwé bá dé ọwọ́ wa tí ẹgbẹ́ mẹ́jọ wà nínú rẹ̀, ìbéèrè kan la máa ń béèrè: kí lo ṣe níbẹ̀? Ẹni tó sọ pé òun kọ́ ọmọ méjì níwèé fún ọdún méjì, tó sì lè sọ ibi tí ọmọ náà ti ń kọsẹ̀ àti bó ṣe bọ́ níbẹ̀, òun là ń rántí nígbà tí a bá jókòó láti yàn.

Bí wọ́n bá fi ọ́ ṣe akápò lọ́jọ́ kan, má ṣe jẹ́ kí owó ẹgbẹ́ kan owó tìrẹ, kódà fún wákàtí kan. Ẹni méjì ni kó máa fọwọ́ sí i kó tó jáde. Gba rìsíìtì, kí o sì ka àkọsílẹ̀ jáde ní gbogbo ìpàdé, bí owó náà tilẹ̀ kéré gan-an. Mo rí ẹgbẹ́ kan tó tú ká lórí owó tí kò sẹ́ni tó jí. Wọn ò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni, ìfura sì wọ àárín àwọn ọ̀rẹ́.

Màmá Akẹ́kọ̀ọ́

Ọmọ mi, pe màmá rẹ kí o tó dáhùn wọn lórí ìrìn-àjò yẹn. Má ṣe jẹ́ kó jẹ́ ẹnu ẹlòmíì ló ti máa gbọ́. Àwa ìyá máa ń yọ̀ǹda bí ẹ bá bá wa sọ ọ́ ní kùtùkùtù. Kí o sì máa sùn.

Olùfẹ̀jẹ̀sílẹ̀

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà tí ọ̀sẹ̀ yín kò ní àyè kankan: ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìfẹ̀jẹ̀sílẹ̀ ń wá yín. Àjọ ìlera àgbáyé WHO ní ẹni tó bá wà láàárín ọdún 18 sí 65, tí ara rẹ̀ le, tó sì wọn kílógíráàmù 50 ó kéré tán, lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Nǹkan bíi mílílítà 450 ni wọ́n ń gbà. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ ju nǹkan bí ọjọ́ 42 lọ nínú ẹ̀rọ amómitutù, ìdí rèé tí ọjọ́ ìfẹ̀jẹ̀sílẹ̀ kan ṣoṣo lọ́dún kò fi tó. Ẹ pín in káàkiri sáà ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin akọrin, ẹ má wá lọ́jọ́ tí ẹ máa kọrin lálẹ́. Ìdúró pípẹ́ lórí pèpéle lè mú kí òòyì kọ́ yín.

Akọ̀wé Àná

Àbúrò, fi Ọjọ́rú yẹn lọ olùdarí kí ìdánwò ohùn tó wáyé, má dúró di ìgbà tí wọ́n bá ti gbà ọ́. Àwọn kan máa ń yọ̀ǹda ìṣẹ́jú 30 fún ẹni tó ní yàrá ìwádìí bó bá jẹ́ pé ó sọ ọ́ ṣáájú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun

Mo ti dé o. Wọ́n gbà mí! Áltò kejì. Ohùn mi gbọ̀n níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó ní kí n di ohùn mi mú kí òun máa tẹ ti sópránò, n kò yẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ Ọjọ́rú fún un kí n tó kọ orin kankan, ó ní kí n máa dé ní aago méje ààbọ̀, kí n sì lọ gba ohun tí mo bá pàdánù lọ́wọ́ olórí àwọn áltò ní Ọjọ́ Ẹtì. Màmá mi ní kí n rin ìrìn-àjò náà, pé òun á wá gbọ́ wa níbi tó bá sún mọ́ ilé jù.

Mo fúnra mi lọ bá ẹgbẹ́ mẹ́ta yòókù, mo sì ní kí wọ́n yọ orúkọ mi. Ìtìjú mú mi díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn dúpẹ́ pé mo tètè wí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni màá kọ́kọ́ pàdé ọmọ tí wọ́n fún mi, èmi àti ọmọbìnrin kan láti ẹ̀ka ìṣirò la jọ mú un. Ọmọ ọdún méje ni. Mo ti kọ ọ̀sẹ̀ tí n kò ní lè wá fún olùkọ́ rẹ̀, mẹ́ta péré ni.

Kí ni kí n mú dání lọ sí ìdánrawò àkọ́kọ́ ní Ọjọ́ Ajé?

Áltò Ọdún Kẹrin

Mo yọ̀ fún ọ tọkàntọkàn! Pẹ́ńsù ìkọ̀wé ni kí o mú, má mú bírò, torí ìwé orin náà kì í ṣe tìrẹ, ẹlòmíì á lò ó lọ́dún tó ń bọ̀. Bí olùdarí bá sọ ibi tí a ti ń mí, fa ìlà kékeré síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí o bá sì wọlé, wá ẹni tó ti pẹ́ jù nínú àwọn áltò kejì, kí o jókòó sí ọwọ́ òsì rẹ̀.

Olùdarí Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Pẹ́ńsù méjì. Ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ lè má ní.